Àtọ̀gbẹ àti jẹjẹrẹ ọmú: ṣé ṣúgà ló ń bọ́ kókó, àbí insulin?

Ìlẹ̀kẹ̀_Ìdí (ló dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp pé ṣúgà ni oúnjẹ jẹjẹrẹ, pé obìnrin alátọ̀gbẹ tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ lọ́mú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ìrẹsì, iṣu tàbí èso mọ́, kí ebi lè pa kókó náà. Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ insulin ló ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn mìíràn ní metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń gbé mì, ń wò ó sàn. Kí ló so àtọ̀gbẹ mọ́ bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú ṣe ń dàgbà gan-an? Kí sì ni ẹni tó ní méjèèjì yóò máa ṣọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ìtàn ará àdúgbò wá. Ohun tí ìwádìí rí la fẹ́.

Òṣìṣẹ́_Láàbù

Ẹ kú ìbéèrè. Ti sẹ́ẹ̀lì ni n ó mú, àwọn tó kù á gba ìyókù.

Nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń ní, insulin, họ́mọ́ọ̀nù tó ń mú kí ṣúgà wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kì í kọ́kọ́ wọ́n lára. Ńṣe ló ń pọ̀ jù. Iṣan, ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá ti ya olórí kunkun sí i, pancreas, ẹ̀yà ara tó ń ṣe insulin, á wá máa tú òmíràn lé e kí ṣúgà má baà ga. Ó lè máa bá a lọ báyìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àyẹ̀wò ṣúgà tó fi ohunkóhun hàn. Bẹ́ẹ̀ insulin kì í ṣe ọlọ́pàá ṣúgà lásán. Ó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà, kó sì pín sí méjì.

Ojú ara sẹ́ẹ̀lì ni olùgbà tí insulin ń so mọ́ wà, oríṣi méjì ló sì ní. IR-B pọ̀ lára ẹ̀dọ̀, iṣan àti ọ̀rá, ọ̀rọ̀ ṣúgà ni iṣẹ́ tirẹ̀. IR-A pọ̀ lára ọmọ tó wà nínú oyún, ó sì tún máa ń pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ti ọmú pẹ̀lú. Ìdàgbà ni IR-A mọ̀. Èròjà mìíràn tó ń jẹ́ IGF-2 náà ń so mọ́ ọn. Olùgbà kẹta tún wà, IGF-1R, tó jẹ́ ìdílé kan náà pẹ̀lú olùgbà insulin. Bí àṣẹ bá ti bọ́ sí ọ̀kan nínú wọn, ọ̀nà méjì ló ń gbà wọlé: PI3K–AKT–mTOR, tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó kó èròjà jọ, kó má sì kú, àti RAS–MAPK, tó ń sọ pé kó pín.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: orí kunkun tí iṣan ń ṣe sí insulin, nídìí ṣúgà ló ti ń ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í sábà kọ àṣẹ ìdàgbà. Insulin tí kò rí iṣẹ́ ṣe lára iṣan á wá máa rí iṣẹ́ ṣe lára kókó.

Eku kan wà tí wọ́n ń pè ní MKR. Wọ́n ṣe é kí iṣan rẹ̀ má lè gbọ́ ti insulin. Insulin pọ̀ lẹ́jẹ̀ rẹ̀ gan-an, kò sì sanra. Kókó ọmú ń yára dàgbà lára irú eku yìí, bí wọ́n bá sì dí olùgbà náà pa, ìyára yẹn ń dínkù. Ìyẹn ni mo fi máa ń dá àwọn tó ń sọ pé ìsanra nìkan ló fa gbogbo rẹ̀ lóhùn.

Apòògùn_Ṣàgámù

Ẹ ṣeun, Òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ti estrogen, họ́mọ́ọ̀nù obìnrin, kún un, torí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú ló ń gbára lé e.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èròjà tó ń jẹ́ SHBG, òun ló ń di họ́mọ́ọ̀nù mú nínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n má baà rìn fàlàlà. Insulin tó pọ̀ ń mú kí ẹ̀dọ̀ dín SHBG kù, estrogen tí kò ní adènà á sì pọ̀. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, ilé ẹyin kọ́ ló ń ṣe estrogen mọ́, torí ó ti ṣíwọ́. Inú ọ̀rá ni enzyme kan tó ń jẹ́ aromatase ti ń yí họ́mọ́ọ̀nù mìíràn padà sí i. Ọ̀rá tó pọ̀ níkùn ń ṣe é púpọ̀, insulin tó pọ̀ sì ń tú u sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìsopọ̀ àtọ̀gbẹ mọ́ jẹjẹrẹ ọmú fi hàn jù lọ lára àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dúró.

Ọ̀rá yẹn kan náà ń tú leptin àti àwọn èròjà tó ń fa ìgbóná inú ara jáde, bíi IL-6 àti TNF, adiponectin tó yẹ kó máa tù wọ́n lójú á sì máa dínkù.

Ajá_Ọdẹ

Ẹ má bínú o. Alátọ̀gbẹ sábà máa ń sanra, ìsanra sì ń fa jẹjẹrẹ ọmú lẹ́yìn nǹkan oṣù. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ìsanra ló ń ṣe méjèèjì? Òmíràn ni pé alátọ̀gbẹ ń lọ sílé ìwòsàn ju ẹlòmíràn lọ, wọ́n á sì tètè rí kókó lára rẹ̀. Eku kì í ṣe èèyàn.

Oníṣirò_Àrùn

Ìbéèrè gidi lẹ bi, ẹ̀gbọ́n. Àwọn nọ́ńbà tó wà nìyí.

Ní 2007, wọ́n kó ìwádìí 20 pọ̀. Ewu jẹjẹrẹ ọmú lára obìnrin alátọ̀gbẹ fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tí kò ní in lọ. Àkójọ mìíràn tó jáde ní 2012 rí ìdá 27. Nígbà tí wọ́n yọ ipa ìsanra kúrò nínú ìṣirò, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 16. Ìsanra gba apá kan nínú rẹ̀, kò gba gbogbo rẹ̀. Àwọn alátọ̀gbẹ oríṣi kìíní, tí pancreas wọn kò ṣe insulin mọ́ láti kékeré, kò fi ewu tó lé hàn nínú àkójọ 2012 yẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ṣì ń rí nǹkan oṣù. Bó bá jẹ́ ṣúgà tó ga ni ọ̀gá iṣẹ́ náà, ó yẹ kí oríṣi kìíní fi í hàn kedere, torí ṣúgà tiwọn náà ń ga fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìdá 20 yìí, ẹ má jẹ́ kó kó yín láyà jẹ. Ká ní nínú 1,000 obìnrin, 50 ni yóò ní jẹjẹrẹ ọmú láàárín àsìkò kan. Láàárín 1,000 alátọ̀gbẹ, yóò tó 60. Ẹgbẹ́ American Diabetes Association àti American Cancer Society jọ gbé ìwé àjọsọ kan jáde ní 2010. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pín in: ti ẹ̀dọ̀, pancreas àti ilé ọmọ ni ewu fi ń di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára alátọ̀gbẹ, ti ọmú wà nínú àwọn tó ń lé díẹ̀.

Ní ti kí wọ́n tètè rí i nítorí ilé ìwòsàn: bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìkan ni, à bá máa rí kókó kékeré lára wọn, wọn ì bá sì máa pẹ́ láyé. Òdì kejì la rí. Àkójọ tó jáde ní 2011 fi hàn pé obìnrin tó ní àtọ̀gbẹ kí jẹjẹrẹ ọmú tó dé, ewu ikú rẹ̀, ohun yòówù kó fà á, fi nǹkan bí ìdá 49 ju ti ẹni tó ní jẹjẹrẹ nìkan lọ. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà nínú ìyẹn: àrùn ọkàn, kíndìnrín, àti pé àwọn dókítà a máa dín ìtọ́jú wọn kù nítorí ìbẹ̀rù.

Èyí tó kan àwa adúláwọ̀ jù: ìwádìí Black Women's Health Study, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1995. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò níbẹ̀ ní 2017, àtọ̀gbẹ kò fi ewu jẹjẹrẹ tó ń gbára lé estrogen kún. Oríṣi tí kò gbára lé e ló fi kún, ní nǹkan bí ìdá 43. Oríṣi yìí gan-an ló pọ̀ lára obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òun náà ni tamoxifen, oògùn tó ń dí estrogen, kò ràn.

Ajá_Ọdẹ

Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ PET tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ, ṣúgà ni wọ́n ń gún sí èèyàn lára, kókó á sì tàn yòò. Ìyẹn kò ha fi hàn pé ṣúgà ló ń jẹ bí?

Òṣìṣẹ́_Láàbù

Ó ń jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò jiyàn. Láti àwọn ọdún 1920 ni Otto Warburg ní Jámánì ti fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń gbé glúkóòsì mì ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n pé ó ń jẹ ẹ́ kò túmọ̀ sí pé bí ẹ bá dín ti abọ́ oúnjẹ kù, ti inú kókó yóò tán. PET gan-an tako àhesọ náà: bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá ga, kókó kì í tàn dáadáa, torí glúkóòsì gidi ń bá èyí tí wọ́n gún du ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí èèyàn gbààwẹ̀ ó kéré tán wákàtí 4 sí 6, kí ṣúgà sì wà lábẹ́ 200 mg/dL. Kò yẹ kí ó gún insulin tó ń ṣiṣẹ́ kíá láàárín wákàtí 4 ṣáájú, torí iṣan ni yóò gbé gbogbo rẹ̀ lọ, àwòrán á bàjẹ́. Metformin ń mú kí ìfun tàn bí iná. Bó bá jẹ́ pé ikùn ni wọ́n fẹ́ wò, ọ̀pọ̀ ibi ní kí wọ́n dá a dúró fún wákàtí 48, dókítà ló máa sọ.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ láàbù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àkọlé "ṣúgà ń mú jẹjẹrẹ dàgbà" ti ń wá. Ẹ wo omi tí wọ́n fi ń tọ́ MCF-7, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú tó ń gbára lé estrogen tí láàbù sábà máa ń lò. DMEM, irú omi bẹ́ẹ̀ tó wọ́pọ̀, ní glúkóòsì 25 mmol/L. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 18, ó di 450 mg/dL. Ìyẹn ni ṣúgà ẹni tó yẹ kó wà ní wọ́ọ̀dù pàjáwìrì, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pè ní "ipò àtilẹ̀wá". Èyí tó jọ ara èèyàn ni 5.5 mmol/L, nǹkan bí 100 mg/dL. Ẹni tó bá tọ́ sẹ́ẹ̀lì nínú 25 fún oṣù mẹ́fà, tó wá gbé e sí 5.5 lọ́jọ́ kan, tó rí i pé ó falẹ̀, ìpayà ló wọ̀n, kì í ṣe àtọ̀gbẹ. Kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ́ 5.5 lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ná.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò yìí re ní láàbù, ẹ fetí sí mi:

Ẹ fi mannitol, ṣúgà tí sẹ́ẹ̀lì kì í lò, 19.5 mmol/L sínú 5.5 gẹ́gẹ́ bí ìfiwéra. Bí sẹ́ẹ̀lì bá yí ìwà padà níbẹ̀ náà, ìkì omi ló fà á, kì í ṣe glúkóòsì.

Ẹ má lo omi tó ní phenol red fún MCF-7. Àwọ̀ pupa yẹn ń ṣe bí estrogen tí kò le, wọ́n ti mọ èyí láti 1986. Ẹ̀jẹ̀ màlúù tí wọ́n ń fi sí i náà ní họ́mọ́ọ̀nù àti IGF nínú. Ẹ lo èyí tí wọ́n ti fi èédú sẹ́, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò pátápátá fún wákàtí 24 kí insulin tó wọlé.

Insulin 10 µg/mL tí ìlànà ìtọ́jú MCF-7 ń sọ fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ní ìwọ̀n yẹn, insulin á ti so mọ́ IGF-1R náà, ẹ ò ní mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0.1 nmol/L, kí ẹ máa gùn ún ní ìlọ́po mẹ́wàá dé 100.

MTT, àyẹ̀wò aláwọ̀ tí ọ̀pọ̀ láàbù ń lò, ni ọ̀fìn tó tóbi jù. Kì í ka sẹ́ẹ̀lì. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń lo oúnjẹ ló ń wọ̀n. Bí ẹ bá yí glúkóòsì padà, àwọ̀ rẹ̀ yóò yí bí sẹ́ẹ̀lì kan ò tiẹ̀ pín. Ẹ fi trypan blue, aró tó ń ya òkú sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀, ka orí sẹ́ẹ̀lì, tàbí kí ẹ wọn DNA. Ẹ sì máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ á jẹ 5.5 tán, ẹ ó sì rò pé 5.5 lẹ ṣì ń dán wò.

Ẹ mú MDA-MB-231, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú mìíràn, mọ́ MCF-7. MDA-MB-231 kò ní olùgbà estrogen. Bí àbájáde yín bá wà lára ọ̀kan ṣoṣo, ẹ má kọ "jẹjẹrẹ ọmú" sí àkọlé.

Ìlẹ̀kẹ̀_Ìdí

Ẹ ṣeun gan-an. Ti metformin ńkọ́? Àti abẹ́rẹ́ insulin?

Apòògùn_Ṣàgámù

Ní 2005 ni àwọn olùwádìí kan ní Scotland sọ pé alátọ̀gbẹ tó ń lo metformin kì í ní jẹjẹrẹ tó ẹni tí kò lò ó. Gbogbo ayé gbé e gẹ̀gẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣirò rí ihò kan nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá pẹ́ láyé ló ń ráyè lo oògùn pẹ́, wọ́n sì ń ka àsìkò tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn mọ́ èrè oògùn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, èrè náà rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀.

Ìdánwò tó parí ìjà ni MA.32, tó jáde ní 2022. Wọ́n kó obìnrin 3,649 tó ní jẹjẹrẹ ọmú tí kò sì ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n pín wọn sí méjì: metformin 850 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọdún 5, tàbí oògùn òfìfo. Lára àwọn 2,533 tí jẹjẹrẹ wọn ń gbára lé họ́mọ́ọ̀nù, kò sí ìyàtọ̀ kankan nínú bí àrùn ṣe ń padà wá. Àmì èrè kan yọ lára àwọn tí kókó wọn ní HER2 (olùgbà kan tó ń pàṣẹ ìdàgbà) púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì lè gbé ìtọ́jú lé e. Nítorí náà, metformin jẹ́ oògùn àtọ̀gbẹ tó dára púpọ̀, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kó máa lò ó. Kò rọ́pò kẹ́mò, kò rọ́pò iṣẹ́ abẹ. Òṣìṣẹ́ á jẹ́rìí mi pé láàbù ń da 5 sí 20 mmol/L lé sẹ́ẹ̀lì lórí, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tó ń wà lẹ́jẹ̀ ẹni tó gbé e mì kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀.

Ti insulin: ìbẹ̀rù glargine, insulin ọlọ́jọ́ gbọọrọ, bẹ̀rẹ̀ ní 2009, nígbà tí ìwádìí mẹ́rin láti ilẹ̀ Yúróòpù jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí díẹ̀ nínú wọn fura sí i. Ìdánwò ORIGIN jáde ní 2012: èèyàn 12,537, ọdún 6 ó lé díẹ̀, apá kan gba glargine, apá kejì kò gbà á. Jẹjẹrẹ dọ́gba rẹ́gírẹ́gí ní ọ̀nà méjèèjì. Ẹni tí dókítà bá ní kó gún insulin kó gún un. Ṣúgà tó kọjá 300 mg/dL nígbà kẹ́mò lè pa èèyàn ṣáájú ohun tí ẹ ń bẹ̀rù.

Màmá_Ìbejì_Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oògùn kan wà lọ́dọ̀ wa níbí, alpelisib. Ìwé tó bá a wá ní ó ń gbé ṣúgà sókè. Báwo ni oògùn jẹjẹrẹ ṣe ń fa àtọ̀gbẹ?

Apòògùn_Ṣàgámù

Màmá, ọ̀nà PI3K tí Òṣìṣẹ́ sọ lókè ni alpelisib ń dí. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní 2019 fún jẹjẹrẹ tó gbára lé họ́mọ́ọ̀nù, tí kò ní HER2, tó ti tàn kálẹ̀, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé jíìnì PIK3CA rẹ̀ yí padà. Ọ̀nà yẹn náà ni iṣan àti ẹ̀dọ̀ ń gbà gbọ́ ti insulin. Dí i, ṣúgà ò rí ibi wọ̀. Nínú ìdánwò SOLAR-1, ṣúgà nǹkan bí méjì nínú mẹ́ta àwọn tó lò ó ló ga, ti ẹni mẹ́ta ó lé nínú mẹ́wàá sì ga dé ibi tó léwu. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń yọjú.

Ẹ̀gún inú rẹ̀ ni pé bí ṣúgà bá ga, pancreas á tú insulin púpọ̀ jáde, insulin yẹn á sì tún ọ̀nà tí oògùn dí ṣí padà nínú kókó. Ìwádìí 2018 lára eku fi èyí hàn kedere: oúnjẹ tí kò ní okun (èròjà afúnnilókun bíi ti ìrẹsì àti iṣu) púpọ̀ tàbí oògùn tó ń da ṣúgà sínú ìtọ̀ mú kí oògùn náà ṣiṣẹ́ dáadáa, insulin sì ba èrè rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà metformin ni wọ́n ń kọ́kọ́ lò, insulin ló ń kẹ́yìn, bó bá sì di dandan wọ́n á lò ó. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà ààwẹ̀ wò, àti HbA1c, èyí tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta hàn. Lẹ́yìn náà, ṣúgà ààwẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Alátọ̀gbẹ oríṣi kìíní kò sí nínú SOLAR-1 rárá.

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù_Kẹ́mò

Àlpelisib kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ wa nílé, ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó wà: paclitaxel, docetaxel, doxorubicin.

Dexamethasone, oògùn tí wọ́n ń lò ṣáájú kí ara má baà kọ kẹ́mò, ló ń gbé ṣúgà sókè jù, kì í ṣe kẹ́mò fúnra rẹ̀. Fún paclitaxel ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, ìlànà àtijọ́ ni 20 mg ní wákàtí 12 àti wákàtí 6 ṣáájú. Fún docetaxel, 8 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 3, láti ọjọ́ tó ṣáájú. Bí wọ́n bá gbé e láàárọ̀, ọ̀sán títí dé alẹ́ ni ṣúgà ń fò sókè. Ti àárọ̀ kùtù ọjọ́ kejì lè dára lójú. Ọ̀pọ̀ ń yẹ ti àárọ̀ nìkan wò, wọ́n á ní kò sí nǹkan. Ẹ yẹ ẹ́ wò ṣáájú oúnjẹ ọ̀sán àti ṣáájú oúnjẹ alẹ́ ní ọjọ́ dexa àti ọjọ́ kejì rẹ̀. Bó bá kọjá 250 mg/dL lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ẹ pe ilé ìwòsàn. Ẹ má fúnra yín gún kún un.

Òdì kejì ni èébì. Ẹni tó lo glibenclamide tàbí glimepiride, oògùn tó ń mú kí pancreas tú insulin jáde, láàárọ̀, tó wá bì gbogbo oúnjẹ, ṣúgà rẹ̀ á já wálẹ̀. Òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara: bó bá wà lábẹ́ 70, ṣúgà síbí tíì mẹ́rin nínú omi, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá pọ̀, metformin àti dapagliflozin tàbí empagliflozin (àwọn oògùn tó ń da ṣúgà sínú ìtọ̀) máa ń dúró títí yóò fi lè jẹun kó sì mu omi; àwọn méjì tó kẹ́yìn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ kan bí ọtí kíkan bí ṣúgà ò tiẹ̀ ga. Ẹni tó ń gún insulin ọlọ́jọ́ gbọọrọ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró pátápátá. Ẹ pe dókítà nípa ìwọ̀n rẹ̀.

Ibà tó bá dé 38°C lẹ́yìn kẹ́mò, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà lóru. Kì í ṣe Panadol ká sùn. Ṣúgà tó ga ń sọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ṣẹ́kù di ọ̀lẹ.

Ẹsẹ̀: àtọ̀gbẹ ń ba okùn ìmọ̀lára jẹ́, paclitaxel náà ń bà á jẹ́. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú ìgbà kọ̀ọ̀kan bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tó ń ta bí abẹ́rẹ́, bí bọ́tìnnì bá ń ṣòro dì. Wọ́n lè dín ìwọ̀n kù. Ẹni tó bá dákẹ́ nítorí kí wọ́n má baà dá oògùn dúró, òun ni ìṣọ́ máa gún lẹ́sẹ̀ tí kò ní mọ̀.

Doxorubicin àti trastuzumab, oògùn àwọn tó ní HER2, lè ba ọkàn jẹ́. Kí wọ́n ya àwòrán ọkàn ṣáájú.

Òṣìṣẹ́_Láàbù

Mo fi ọ̀kan kún un, torí ó ń ṣi àwọn dókítà pàápàá lọ́nà. HbA1c kò ṣeé gbára lé nígbà kẹ́mò: bí PCV bá já tàbí tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, nọ́ńbà náà á yí. Ẹni tó jẹ́ SS, ẹ má tilẹ̀ lò ó. AS pàápàá, tó pọ̀ láàárín wa, HbA1c rẹ̀ máa ń kéré díẹ̀ sí bí ṣúgà rẹ̀ ṣe rí gan-an. Ẹ fọkàn tẹ ẹ̀rọ orí ìka, tàbí kí ẹ béèrè fún fructosamine, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta hàn.

Ewé_Ẹ̀fọ́

Kí n wá dá ìbéèrè àkọ́kọ́ lóhùn. Ebi kò lè pa kókó. Ọpọlọ nìkan ń lo nǹkan bí glúkóòsì 120 g lójúmọ́, ara kò sì ní jẹ́ kó tán. Bí ẹ bá dá okun dúró, ẹ̀dọ̀ á máa fi èròjà ara iṣan ṣe glúkóòsì. Kókó á rí tirẹ̀ jẹ, aláìsàn á gbẹ. Ẹni tó rù lọ́nà báyìí, kẹ́mò ń nira fún un.

Ohun tó ń dín insulin kù ni kí èèyàn má máa da okun tó pọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀bà tàbí àmàlà tó tó ìkúùkù ọwọ́ obìnrin náà, kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tó kún ìdajì abọ́, tí kò rì sínú epo. Ẹja tàbí ẹyin tàbí ẹ̀wà lójoojúmọ́. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ nílò èròjà amáradàgbà tó lé ní 1 g fún kílò kọ̀ọ̀kan, títí dé 1.5, ẹni 70 kg, 70 sí 105 g lójúmọ́. Ẹyin kan jẹ́ nǹkan bí 6 g, Titus tútù 100 g sì tó nǹkan bí 19. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ṣàìsàn, kí ó béèrè kó tó gbé e dé ibẹ̀. Mọ́ọ̀tì, Milo oníwàrà dídùn àti jùúsì inú páálí ni kẹ́ ẹ gé kúrò, kì í ṣe ẹ̀wà.

Rírìn lẹ́yìn oúnjẹ fún ìṣẹ́jú 15 ń mú kí iṣan gbé ṣúgà láìbéèrè insulin púpọ̀.

Omi ewúro ń dín ṣúgà kù lóòótọ́, ìdí gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ kó bá glibenclamide pàdé láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ nílé ìwòsàn. Àgbo tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e tì títí kẹ́mò á fi parí. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú paclitaxel palẹ̀, ẹ má kó iṣẹ́ méjì lé e lórí.

Ìlẹ̀kẹ̀_Ìdí

Ó kù ọ̀kan. Alátọ̀gbẹ tó fọwọ́ kan kókó lọ́mú, ṣé gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ jẹjẹrẹ? Ìgbà wo ló sì yẹ kó lọ ya mammogram?

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù_Kẹ́mò

Mammogram ti alátọ̀gbẹ kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ìlànà Amẹ́ríkà tó jáde ní 2024 ní láti ọdún 40, ọdún méjì méjì. Bí kókó bá ti wà lọ́wọ́, kò sí ọjọ́ orí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́, kí ó lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmú tó wú, tó pọ́n, tó gbóná lára alátọ̀gbẹ lè jẹ́ eéwo. Bí oògùn kòkòrò kò bá mú un lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí wọ́n bu ẹran ibẹ̀, torí jẹjẹrẹ kan wà tó ń wá bí ìgbóná ọmú.

Òṣìṣẹ́_Láàbù

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, rárá. Kókó kan wà tó jẹ́ ti àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀, diabetic mastopathy. Ẹni tó ti ní oríṣi kìíní tipẹ́, tó ń gún insulin láti ọ̀pọ̀ ọdún, ló sábà máa ń ní in. Ó le gbagidi, kì í dunni, ó lè wà lọ́mú méjèèjì, òjìji dúdú ló sì ń fi hàn lórí ultrasound. Ó jọ jẹjẹrẹ dé ibi tí ojú kò lè yà á sọ́tọ̀. Kì í di jẹjẹrẹ. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kì í rí nǹkan fà níbẹ̀ nítorí líle rẹ̀, abẹ́rẹ́ ńlá tó ń gé ẹran ni kí wọ́n lò. Bí èsì bá jẹ́ mastopathy, wọn kì í sábà gé e, ó ń padà wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti gé e.

Bí ó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ, ER (olùgbà estrogen), PR (olùgbà progesterone) àti HER2 ni kí ẹ béèrè, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nínú ìwé èsì. Ẹran tí wọ́n gé fún àyẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ wọ formalin 10%, omi tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, láàárín wákàtí kan. Formalin ọ̀hún kó jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ìwọ̀n ẹran, kó wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán, kó má kọjá 72. Ìgò kékeré tí ẹran kún dé ẹnu, tàbí ẹran tó sùn sínú omi iyọ̀ mọ́jú, lè mú kí ER tó wà níbẹ̀ jáde bí ẹni pé kò sí, wọ́n á sì fi tamoxifen du ẹni tó yẹ kó lò ó. Kí ẹni tó bá tẹ̀lé aláìsàn lọ béèrè aago tí wọ́n gé ẹran àti aago tó wọ formalin, kí wọ́n kọ méjèèjì sára ìgò.